Etí Òkun Méjì fún Ìsinmi Àwọn Ọmọ: Tarkwa Bay tàbí Àgbádárìgì?

Ó ti di àṣà nísinsìnyí nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta pé, nígbà tí ilé-ìwé bá ti padé, bàbá àti ìyá a máa kó àwọn ọmọ wọn jáde lọ sí ibì kan kí ojú wọn lè là. A kò rí ohun búburú kan nínú àṣà yìí. Ọmọ tí a bí sí ẹ̀bá Olúmọ, tí ó sì ti gun àpáta náà títí ó fi sú u, kò sí àpáta mìíràn tí a ó fi hàn án tí yóò yà á lẹ́nu. Òkun ni ó kù. Ṣùgbọ́n òkun kò sí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Lóòótọ́, Ìpínlẹ̀ wa ní etí omi díẹ̀ tirẹ̀, ní Ògùn Waterside níhà Ìjẹ̀bú àti ní erékùṣù Tongeji ní Ìpókíà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ kò rọrùn fún ẹni tí ó kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ nínú ilé, ibi méjì ni ó sábà máa ń já sí: bàbá a ní Àgbádárìgì, nítorí ìtàn tí ó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ a ní Tarkwa Bay ní Èkó, nítorí omi tí wọn yóò lúwẹ̀ẹ́, ìyá ni yóò sì béèrè ohun tí ó yẹ kí gbogbo wọn ti kọ́kọ́ béèrè, èyíinì ni pé, nínú méjèèjì, èwo ni a ó lọ tí gbogbo wa yóò padà wálé pé pérépéré?

Ìbéèrè ìyá yìí ni a fẹ́ dáhùn lónìí.

Kí a kọ́kọ́ sọ ti Tarkwa Bay. Ẹni tí ó bá rò pé bí Ẹlẹ́dàá ti dá ibẹ̀ náà ni ó ṣe wà kò tíì gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ẹnu ọ̀nà Èkó láti òkun jẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀rù. Òkìtì yanrìn ńlá dùbúlẹ̀ sábẹ́ omi níbẹ̀, ìgbì a sì máa fọ́ lé e lórí tọ̀sán tòru. Ọkọ̀ ńlá kò lè kọjá. Ẹrù tí ó ń bọ̀ láti ìlú Òyìnbó a máa kọ́kọ́ lọ sí Forcados, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e padà wá sí Èkó, ẹ̀mí ènìyàn púpọ̀ ni ó sì ṣòfò lórí òkìtì náà. Ní 1908 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta sínú òkun láti fi mọ ògiri gígùn, ọ̀kan ní ìhà ìlà-oòrùn ẹnu ọ̀nà náà, èkejì ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, kí omi ọ̀sà tí ń jáde lè fi agbára gba àárín wọn kọjá, kí ó sì máa gbá yanrìn náà lọ. Níbo ni ẹ rò pé wọ́n ti rí òkúta? Abẹ́òkúta ni. Rélùwéè ni ó gbé e láti ìlú wa lọ sí Èkó. Ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá lọ jókòó lórí ògiri náà lónìí, tí ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ omi iyọ̀, orí òkúta ilé rẹ̀ ni ó jókòó sí. Èmi kò mọ ohun tí ó dùn mọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo ìtàn èbúté Èkó.

Ní nǹkan bí 1914 àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n ògiri náà ṣe ohun mìíràn pẹ̀lú. Ní etí òkun tiwa yìí, ìgbì kì í wá tààrà; ó máa ń wá ní ẹ̀gbẹ́, ó sì ń ti yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi. Nígbà tí ògiri dí i lọ́nà, yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí à ń pè ní Lighthouse Beach, etí òkun ibẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Ìhà ìlà-oòrùn kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ Bar Beach lọ́dọọdún títí ó fi ń yọ wọ ojú títì Victoria Island, kí ó tó di pé wọ́n kún ojú òkun níbẹ̀ láti fi tẹ Eko Atlantic dó. Ní apá inú ògiri ìwọ̀-oòrùn ni igun kékeré kan wà tí ó tẹ̀ bí apá ẹni tí ó gbé ọmọ. Ìgbì òkun kò lè dé ibẹ̀ ní agbára rẹ̀, nítorí ògiri ti gba ìyà náà jẹ. Igun yìí ni Tarkwa Bay.

Nítorí èyí ni omi ibẹ̀ fi rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè dúró nínú rẹ̀ títí dé orúnkún kí ìgbì má sì dà á nù. Ní ẹ̀yìn ògiri ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi pátákó gun ìgbì gbé ń ṣeré tiwọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró láti òkèèrè wò wọ́n, nítorí ohun ìwòran ni.

Àléébù Tarkwa Bay kò kéré. Kò sí afárá tí ó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ni, ẹ ó sì wọ̀ ọ́ ní èbúté bíi Mekwe ní Victoria Island. Ẹnu ọ̀nà èbúté ni ibẹ̀ wà, nítorí náà ohun tí Èkó bá dà sínú ọ̀sà, ike, ọ̀rá àti ìdọ̀tí gbogbo, ọ̀nà yìí ni ó ń gbà jáde, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa yà sí etí omi náà, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí omi dọ̀tí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú owó tí ẹ ti ná mú kí ẹ ti ọmọ sínú rẹ̀. Ohun kejì ni pé nígbà tí omi bá ń fà padà sí òkun, ipá tí ó ń gbà láàárín ògiri méjèèjì pọ̀ púpọ̀. Omi tí ó rọ̀ ní etí ilẹ̀ kò rọ̀ mọ́ níbi tí ọkọ̀ ńlá ń kọjá. Ààlà wà, kí bàbá sì fi han àwọn ọmọ kí wọ́n tó bọ́ ẹ̀wù.

Ohun kẹta kò kan lílúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbójú fò ó. Ní oṣù kìíní ọdún 2020 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ń gbé Tarkwa Bay kúrò, wọ́n sì wó ilé wọn. Ìjọba ní àwọn tí ń fọ́ òpó epo ni wọ́n ń wá. Àwọn apẹja àti àwọn tí ń ta oúnjẹ fún àlejò wà nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá. Kí ẹni tí ó bá ń lọ kọ́kọ́ wádìí ní èbúté bí ibẹ̀ ti rí lákòókò náà. Bí ẹ bá sì rí obìnrin tí ń ta ẹja yíyan níbẹ̀, ẹ má ṣe bá a ná an kọjá ààlà. Ẹ kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Ó kù Àgbádárìgì.

Àwọn ará Ẹ̀gbá kì í ṣe àlejò ní Àgbádárìgì. Nígbà tí Abẹ́òkúta ṣì wà ní kékeré, lẹ́yìn tí àwọn baba wa tẹ̀ ẹ́ dó ní 1830, Àgbádárìgì ni ẹnu ọ̀nà wa sí òkun, nítorí Èkó wà ní ọwọ́ àwọn mìíràn. Ogun tí Ṣódẹkẹ́ kó lọ sí Adó ní nǹkan bí 1842, ọ̀nà Àgbádárìgì ni ó jà fún. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí a ti tà, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun tí ó sì kó wọn lọ sí Saró, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà padà wálé. Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, ó sì dé Abẹ́òkúta kí ọdún náà tó parí. Henry Townsend tẹ̀lé e. Ní 1845 Townsend padà wá, òun pẹ̀lú Gollmer àti Àjàyí Crowther, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ti kú, ọ̀nà kò sì dára, ni wọ́n bá dúró ní Àgbádárìgì fún bí ọdún kan àbọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ nígbà náà, tí a ń pè ní àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa gbogbo, ṣì wà ní ìdúró. Àwọn ọmọ lè gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Igi Agia, tí wọ́n ti wàásù lábẹ́ rẹ̀, wó ní 1959, ṣùgbọ́n àmì ipò rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní ìlú kan náà ni ilé Ṣẹ̀ríkí Williams Abass wà, pẹ̀lú àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń kó ẹrú sí kí ọkọ̀ tó dé. Ará Ìjọ̀gá Orílẹ̀ ni ọkùnrin yìí, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Ìdílé rẹ̀ sọ pé ní kékeré ni a kó òun pàápàá lẹ́rú lọ sí Brasil, pé ó kọ́ èdè òyìnbó níbẹ̀, tí ó sì padà wá di olówò ńlá, olówò ẹrú pẹ̀lú. Ó kú ní 1919. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ìtàn yìí pé, kí ẹ má ṣe gé e kúrú. Bí ọmọ bá béèrè pé, ‘Bàbá, ẹni tí wọ́n tà, kí ni ó dé tí òun náà fi ń ta ènìyàn?’ ẹ má ṣe dá a lẹ́kun. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó jẹ nínú owó náà, àti pé ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, àwọn ènìyàn ńlá wa kan ra ẹrú, wọ́n sì tà wọ́n. Ìtàn tí a bá fi irọ́ dùn fún ọmọ, yóò gbọ́ òótọ́ rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, kò sì ní fi ojú tí ó dára wò wá mọ́.

Láti etí ọ̀sà Àgbádárìgì, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé yín kọjá sí erékùṣù Gberefu, kò pẹ́ rárá. Lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi rìn lórí yanrìn láàárín igi àgbọn, ó sì gba àkókò. Kànga kan wà ní ọ̀nà náà tí wọ́n ní wọ́n ń mú àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ní òpin ọ̀nà ni òpó méjì dúró sí, wọ́n ń pè é ní Ibi Àìpadàbọ̀, lẹ́yìn rẹ̀, òkun. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ rìn ín. Kí ó dúró ní ìlú, kí ó jókòó sí abẹ́ igi létí ọ̀sà, kí ó mu omi àgbọn dè wọ́n. Bí ẹ ti ń rìn ni àwọn ọmọ yóò dákẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá wọn wí.

Nígbà tí wọ́n bá dé etí òkun náà ni ewu bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó ti rìn nínú oòrùn, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ó sì rí omi tí ó lọ salalu níwájú rẹ̀, sáré ni yóò sá wọ inú rẹ̀. Kí ó má ṣe rí bẹ́ẹ̀! Kò sí ògiri kankan níbẹ̀. Etí ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré, omi ti dé àyà àgbàlagbà. Ìgbì tí ó ti jìnnà wá kò rí ohun tí yóò dá a dúró títí yóò fi fọ́ lójijì sórí ilẹ̀, bí ó bá sì ti ń padà, yóò fa yanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Ohun mìíràn sì wà tí kò hàn sí ojú. Omi tí ìgbì bá dà sórí etí ilẹ̀ ní láti wá ọ̀nà padà. Kì í padà káàkiri. Ó máa ń wá ibi tí ó jìn díẹ̀, yóò sì gba ibẹ̀ sáré bí odò padà sínú òkun. Ojú ibẹ̀ a máa dákẹ́, kò ní ìfòfó funfun bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, nítorí náà ibẹ̀ gan-an ni ẹni tí kò mọ òkun yóò yàn láti wọ̀.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú Odò Ògùn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọ̀nà kan ni odò ń ṣàn sí; ọmọ tí ó gbọ́n mọ̀ pé etí odò méjì ni ó wà, bí òun bá yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì òun yóò kan ilẹ̀. Nígbà tí òkun bá fà á, ó rò pé ẹ̀yìn ni òun yóò kọjú sí, yóò sì máa bá omi jà títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ẹ kọ́ wọn ní ilé kí ẹ tó lọ: bí òkun bá fa ènìyàn, kí ó má bá a jà. Kí ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kí ó léfòó, kí ó gbé ọwọ́ sókè, kí ó sì lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tí ń bá etí ilẹ̀ rìn lọ, títí yóò fi bọ́ kúrò nínú ipá náà, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Kí àgbàlagbà tí kò mọ omi má ṣe bẹ́ lé ọmọ tí ó ń rì. Kí ó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tàbí okùn sí i, kí ó sì kígbe pe àwọn apẹja. Nítorí ohun tí a ń gbọ́ lọ́dọọdún ni pé òkun gbé ọmọ kan, bàbá rẹ̀ bẹ́ lé e, òkun sì gbé àwọn méjèèjì.

Èrò tiwa nìyí, kí ẹni tí ó bá rí i lọ́nà mìíràn fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Bí àwọn ọmọ yín bá kéré, tí èyí tí ó dàgbà jù kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ lọ sí Tarkwa Bay. Ohun tí ọmọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ ni omi àti yanrìn, ibẹ̀ ni yóò sì ti rí wọn pẹ̀lú ewu tí ó kéré jù. Bí wọ́n bá ti dàgbà tó láti béèrè ìbéèrè, ẹ kó wọn lọ sí Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n kí a ti fi ẹnu kò nílé pé a kò ní wọ òkun. Ẹsẹ̀ nìkan ni kí wọ́n fi kan omi, kí ọwọ́ wọn wà lọ́wọ́ àgbà. Àwọn kan yóò ní èyí le jù. A ti gbọ́.

Kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé Àgbádárìgì nìkan ni ilé ìrántí, pé Èkó jẹ́ ibi ìṣeré. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹrú tí wọ́n kó jáde ní Èkó pọ̀ ju ti Àgbádárìgì lọ. Èkó ni wọ́n ti ko Àjàyí tí wọ́n mú ní Òṣoògùn sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní oṣù kẹrin ọdún 1822, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á. Ẹnu ọ̀nà tí Tarkwa Bay wà yìí náà ni ọkọ̀ wọ̀nyẹn dúró dè wọ́n ní ìta rẹ̀.

Ní ti ìrìn-àjò, rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ó dára jù fún ẹni tí ń lọ sí Tarkwa Bay. Ẹ ó wọ̀ ọ́ ní Laderin, ní stéṣàn tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè, yóò sì já yín sí Alágọmèjì ní Èkó. Láti ibẹ̀ ẹ ó wọ mọ́tò lọ sí èbúté. Àwọn tí ń lọ sí Àgbádárìgì ní láti gba ojú títì: Ifọ̀, Sango Ọ̀tà, Atan, Lùsádà, Agbárá, kí ẹ tó yọ sí títì Àgbádárìgì. Àwọn awakọ̀ mọ̀ bí ọ̀nà náà ti máa ń bàjẹ́ lásìkò òjò. Ẹ bi wọ́n léèrè ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ẹ sì kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nítorí bí ẹ bá dé ibẹ̀ ní ọ̀sán, àkókò kò ní tó fún ìlú àti erékùṣù ní ọjọ́ kan.

Àkókò tí ẹ bá yàn ṣe pàtàkì ju owó lọ. Ìsinmi gígùn, láti òpin oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, bọ́ sí ìgbà tí ìgbì ń ti ìhà gúúsù òkun wá pẹ̀lú agbára ńlá. Ìgbà Kérésìmesì ni òkun máa ń rọ̀ jù, ṣùgbọ́n gbogbo Èkó ni yóò wà ní Tarkwa Bay ní ọjọ́ ọdún gan-an. Ẹ lọ ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà Àjíǹde dára díẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ìyá tí ó bá ro láfún láti Abẹ́òkúta lọ sí etí òkun ti da ara rẹ̀ láàmú lásán, nítorí yóò ti le bí òkúta kí wọ́n tó kọjá Ifọ̀. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ nínú ewé, ẹ̀kọ, àkàrà tí ó gbẹ, ẹyin bíbọ̀, ìwọ̀nyí ni ó dára, àti omi mímu púpọ̀, nítorí iyọ̀ òkun àti oòrùn a máa gbẹ ọmọ lọ́fun ju bí wọ́n ti mọ̀ lọ. Kí fìlà wà lórí olúkúlùkù. Kí àwọn ọmọ wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, pupa tàbí ìyeyè, kí ojú lè tètè rí wọn nínú omi. Aṣọ àwọ̀ aró tàbí funfun a máa fara mọ́ omi àti ìfòfó.

Àgbàlagbà kan fún ọmọ méjì, kí ó má dín sí bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí ìṣọ́ kàn má sì mú fóònù lọ́wọ́. Bí ìṣọ́ rẹ̀ bá pé, kí ó fi ẹnu sọ fún ẹni tí ó kàn pé, ‘Ìwọ ni ó kù,’ kí ẹni náà sì dá a lóhùn, kí ó tó dìde. Nínú ọkọ̀ ojú omi, kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, títí kan ìyá àgbà, bí ó tilẹ̀ ní yóò ba gèlè òun jẹ́. Ọkọ̀ tí kò bá ní èyí tí ó bá ara ọmọdé mu, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ béèrè wákàtí tí wọn yóò fi gbé yín padà kí ẹ tó san owó, kí ẹ má sì san tán títí ẹ ó fi padà dé èbúté tí ẹ ti wọ̀ ọ́, kí oòrùn tó wọ̀.